Ṣúgà Makereta Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Bí ẹ bá béèrè Makereta lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò wa, wọ́n á pòṣé, wọ́n á ní obìnrin náà rí ìyà lọ́dún tí ọkọ̀ òfurufú kò wá mọ́. Wọ́n á ní tíì ewé ọsàn wẹ́wẹ́ ni òun àti ọkọ àti ọmọ ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́, láìsí ṣúgà, tí wọ́n fi ń ti gbágùúdá sísè lọ́nà ọ̀fun. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa tíì. Nípa ti àìní, ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni ṣúgà Makereta wà, pẹ̀lú ìrẹsì rẹ̀ àti ọṣẹ rẹ̀ àti ẹja inú agolo rẹ̀, èmi ni mo sì ń gbá èèrà kúrò nídìí wọn.

Èmi kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ìran Íńdíà ni mí, bàbá bàbá mi ló wá gé ìrèké ní Fíjì, a ò sì padà mọ́. Ọkọ mi ti kú. Naresh ọmọ mi wà ní Sídínì, ó máa ń fi owó ránṣẹ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá gbà fún un. Igi máńgòrò kan ló wà láàárín ilé mi àti ilé Makereta, ní àdúgbò onípáànù tó wà lẹ́bàá ojú irin ìrèké kí ẹ tó dé Nadi. Òun àti Apenisa ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ẹbí Apenisa sì yí wọn ká: Semi àbúrò rẹ̀ wà nílé kẹta, àwọn ìbátan bàbá rẹ̀ wà lápá odò, àwọn kan tún wà tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe tan rárá.

Ẹ̀yin náà ní ẹbí, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí. Tiwọn kàn ní orúkọ ni. Bí ẹbí bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ tó ní "kerekere", ẹ̀bẹ̀ ló bẹ̀, ohun tó bá sì dárúkọ ti di tirẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ iyọ̀, ó lè jẹ́ bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Èmi ò sí nínú ìyẹn. Bí wọ́n bá tọrọ ohun tí mi ò fẹ́ fún wọn, màá ní rárá, wọ́n á ní ahun ni ará Íńdíà yìí, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Makereta kò lè ṣe é. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ kí ó sọ "rárá" fún ẹbí ọkọ rẹ̀ rí.

Kì í ṣe pé kò gbọ́n o. Ọmọ tí wọ́n fà lé ẹbí lọ́wọ́ ni. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí ìbátan ìyá rẹ̀ kan wá láti Suva, tó ní kí wọ́n fún òun ní ọmọbìnrin kan tọ́, wọ́n sì fún un. Wọn ò lù ú, wọn ò febi pa á. Wọ́n kàn ń jẹ́ kí ó máa jẹun kẹ́yìn. Ó sọ fún mi pé bí wọ́n bá ti ń bu tíì láàárọ̀, ìsàlẹ̀ abọ́ ṣúgà lòun máa ń wò, bóyá yóò kù kan òun. Nígbà tó wá bí Titilia, lẹ́yìn tí oyún ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára títí tó ti sú u, ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ láyé: kí ọmọ náà dàgbà lábẹ́ òrùlé òun, kí ẹnikẹ́ni má rí àyè sọ pé apá ìyá rẹ̀ ò ká a láti tọ́ ọ.

"Ìyá Naresh," ló máa ń wí, "ẹ máa wò ó. Titilia ò ní jẹun kẹ́yìn nílé ẹnikẹ́ni."

Òtẹ́ẹ̀lì etí òkun ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Òun ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Apenisa ń gbé ẹrù àlejò, ó sì ń ta gìtá fún wọn nírọ̀lẹ́. Nígbà tí àrùn tó sé gbogbo ayé mọ́lé dé, tí àlejò ò wá mọ́, wọ́n ti òtẹ́ẹ̀lì pa, ọ̀gá wọn sì pín ohun tó kù nílé ìdáná fún àwọn òṣìṣẹ́. Tọkọtaya yìí gbé àpò ìrẹsì, àpò ṣúgà, òróró àti páálí ẹja agolo wálé nínú takisí. Wọn ò tíì sọ ẹrù tán tí Semi fi dé.

"Ìyàwó wa, o kú oríire o! Wọ́n ní ẹ palẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì mọ́."

"Bọ̀dá Semi, ẹ wọlé. Oríire kẹ̀? Iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ wa."

"Iṣẹ́ á tún wá. Kerekere, bù nínú ìrẹsì yẹn fún mi. Ìyàwó mi ò tíì dáná."

"Ṣé kí n bu ife méjì?"

"Ife kẹ̀? Ṣé ẹyẹ ni mo fẹ́ fi bọ́ ni?"

Apenisa bú sẹ́rìn-ín. "Bù ú dáadáa fún un, jàre. Àbúrò mi ni."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n wá láti apá odò, wọ́n wá láti Nadi, àwọn kan wọ bọ́ọ̀sì wá. Makereta ń bù ú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, Apenisa ń kí wọn káàbọ̀ bí ẹni pé òun ló ni òtẹ́ẹ̀lì. Kí oṣù tó parí, àpò ìrẹsì yẹn ni wọ́n tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi ń nu ẹsẹ̀. Mo pe Makereta sẹ́yìn ilé mi.

"Ṣé o ò lè sọ fún wọn pé ó tó gẹ́ẹ́ ni?"

"Báwo ni màá ṣe sọ ọ́, Ìyá Naresh?"

"Ẹnu lo máa fi sọ ọ́! Kí lo fẹ́ fi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀?"

"Ẹnu mi ò gbé e."

Nígbà tí ẹnu rẹ̀ ò gbé e, ó fi ọwọ́ wá ọgbọ́n. Ó mọ ẹní hun, ẹní àwọn ará erékùṣù tó máa ń dán, tó ní òwú aláràbarà létí. Ẹ̀yìn ilé mi ló ti ń hun ún, nínú yàrá tí Naresh ń sùn nígbà kan. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń bá mi fọṣọ, pé gbágùúdá ni mo fi ń san án. Lọ́dún yẹn, kò sówó lọ́wọ́ èèyàn, ńṣe ni wọ́n ń fi nǹkan pààrọ̀ nǹkan lórí fóònù. Ẹnì kan á ní òun ní ẹlẹ́dẹ̀, ẹlòmíràn á ní òun ní ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ. Èmi ni mo ń gbé ẹní Makereta síbẹ̀ lórúkọ ara mi. Bí a bá rí ṣúgà gbà, ó di abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Bí a bá rí ìrẹsì gbà, ó di abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ò kanlẹ̀ mọ́, orí ẹrù ni mò ń sùn.

Ó sì tún mọ bí nǹkan ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́. Okùn ló fi ń gé ọṣẹ sí wẹ́wẹ́, á sá a sórí páànù títí yóò fi le, kí ó má baà yọ́ dànù sínú omi. Ó pa fíríìjì, ó sọ ọ́ di àpótí aṣọ. Ó gbé sílíńdà gáàsì wá sọ́dọ̀ mi, ó ń fi igi máńgòrò dáná. Àgbọn kan ṣoṣo, á fún un, á tún un fún, á tún da omi gbígbóná sí i fún un lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó tó da ṣàkàṣàkà rẹ̀ fún adìyẹ mi. Iná mànàmáná kan ló ń tàn nílé wọn, bí òṣùpá bá sì ti yọ, ó ti pa ìyẹn náà. Mo gba tirẹ̀ nígbà yẹn, mi ò ní parọ́. Mo rò pé ó ti rí gbogbo wọn mú.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti oúnjẹ. Nílùú yìí, bí wọ́n bá ń jẹun tí èèyàn ń kọjá, wọ́n gbọ́dọ̀ pè é kí ó yà wá jẹ. Ẹni tí kò bá pè kò níwà. Tẹ́lẹ̀, tí Makereta bá pe èèyàn, wọ́n máa ń yà ní tòótọ́, wọ́n á jókòó ti abọ́ títí abọ́ á fi mọ́. Nísinsìnyí, tí àsìkò oúnjẹ bá tó, ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí gbogbo ayé rí ohun tó wà lórí ẹní: gbágùúdá, ata díẹ̀, tíì ewé. Á wá fi ohùn rara pè wọ́n.

"Ẹ yà wá jẹun o, Bọ̀dá Semi!"

Semi á yọjú, á wo abọ́, ojú rẹ̀ á rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ máa jẹ ẹ́ o, ìyàwó wa. Mo ti yó bámúbámú." Á sì yára kọjá lọ.

Èmi tí mo wà lójú fèrèsé á fi ìborí di ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́ jáde. Láàárín oṣù méjì, kerekere ti dẹ́kun nílé wọn. Ta ló fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń mu omi ewé?

Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú ni ti ọmọ. Titilia ò mọ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ò lè pa ẹnu mọ́, pé bó bá lá ṣúgà nílé mi láàárọ̀, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ kó tó dọ̀sán. Apenisa náà ò mọ̀. Ìyẹn ò lè rí kí ó má sọ, bó bá sì ti mọ̀, Semi ti mọ̀ nìyẹn. Nítorí náà, irọ́ tí ìyàwó fi ń tan ẹbí jẹ, ọkọ àti ọmọ ló ń mu ún láràárọ̀.

Mo wà lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan nígbà tí ọmọ náà gbé ife sílẹ̀.

"Màámi, ṣé ṣúgà ò tíì dé ni?"

"Kò tíì dé."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

"Tí ọkọ̀ òfurufú bá padà. Mu tíì ẹ, kó má baà tutù."

Ó fún ojú pọ̀, ó mu ún tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ó ti ń mọ́ mi lára," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀. Mi ò lè jókòó mọ́, mo dìde lọ sílé mi.

Nígbà tí Makereta dé láti wá hun ẹní, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ rẹ ń mu omi ewé, ṣúgà rẹ̀ wà lábẹ́ ìdí mi! Ta lò ń tọ́jú ẹ̀ dè?"

"Òun náà ni, Ìyá Naresh. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Nǹkan ṣì máa le ju báyìí lọ. Lọ́jọ́ tí gbogbo wọn ò bá ní mọ́, èmi á ní. Kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé mi ò lè bọ́ ọmọ mi."

"Bọ́ ọ báyìí nígbà náà!"

"Ẹ jẹ́ kó yá ná."

Ó gba abẹ́ apá mi wọlé, ó jókòó ti ewé ẹní rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kó yá ná ló máa ń wí.

Nígbà òjò, Losalini ìyàwó Semi bímọ, ọyàn rẹ̀ ò sì yọ dáadáa. Ó gbé ọmọ dání wá sọ́dọ̀ Makereta, òjò ń kán lára àwọn méjèèjì.

"Ìyáàlé mi, kerekere, ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan péré. Mo fẹ́ fi omi rẹ̀ fún ọmọ."

Makereta ò sọ pé rárá. Ó ṣí fíríìjì fún un. "Wò ó, Losa. Aṣọ ló wà ńbẹ̀."

Losalini wo aṣọ inú fíríìjì náà, ó wo ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe ara rẹ̀ ló ń sunkún fún. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyáàlé mi. Mi ò mọ̀ pé tiyín ti burú tó báyìí. Ẹ má bínú pé mo wá yọ yín lẹ́nu." Lọ́jọ́ kejì, ó fi kókò ránṣẹ́ sí wọn, ìdajì èyí tó wà nílé rẹ̀. Makereta gbà á. Kí ni ìbá tún ṣe? Ó jókòó nínú yàrá Naresh, kò lè hun ẹyọ ewé kan. Èmi bù nínú ìrẹsì rẹ̀, mo gbé e lọ fún Losalini lójú rẹ̀, mo ní tèmi ni. Ó rí mi, kò dá mi dúró.

Losalini ló pe Ulamila lórí fóònù. Ulamila ni ẹ̀gbọ́n Apenisa, òun ni àkọ́bí wọn, ó wà ní erékùṣù wọn ní Yasawa, kò sì bímọ obìnrin. Láti ìgbà náà ni àpò gbágùúdá àti ẹja yíyan ti ń bá ọkọ̀ ojú omi wá fún Makereta. Àwọn ará erékùṣù yìí ò ní ju ohun tí wọ́n gbìn àti ohun tí wọ́n pa lọ o. Mo ní kí ó kọ̀ ọ́. Ó ní bí òun bá kọ̀ ọ́, wọ́n á béèrè ìdí rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́, ojú ń tì í, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi sì ń kún sí i.

Lẹ́yìn náà ni Ulamila fúnra rẹ̀ wá.

Obìnrin ńlá ni, ohùn rẹ̀ kún ilé. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀ títí dòní, kò ṣeé ṣe, nítorí kò ṣe wá níkà kankan. Ó mú àbúrò bàbá wọn dání, Bàbá Nemani, arúgbó tó máa ń gbẹnu sọ fún ẹbí. Makereta ní kí n wá bá òun gbé omi kaná. Ulamila jókòó, ó gbé Titilia sórí ẹsẹ̀, ó gba ife ọwọ́ ọmọ náà, ó tọ́ ọ wò. Ó tún un tọ́ wò. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Titilia, ṣé ohun tí ẹ ń mu nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Ó ti mọ́ mi lára."

Ulamila wo Bàbá Nemani, ó mi orí. Arúgbó náà tú aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú tabua jáde, eyín àbùùbùtán tó ti pọ́n nítorí ọjọ́ orí, tí okùn wà lára rẹ̀. Mo ti bá wọn gbé pẹ́ tó láti mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kerekere, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó, òun ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n bá ta ẹ̀jẹ̀ èèyàn sílẹ̀, ẹni tó bá sì ti fọwọ́ gbà á ti gbà sí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá.

"Apenisa, ọmọ mi," Bàbá Nemani ní, "a ò wá láti tàbùkù yín. Nǹkan le fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù, ẹja wà, gbágùúdá wà, ilé ìwé wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí ẹ fún òun ní Titilia, kí òun máa tọ́ ọ."

Apenisa wo ìyàwó rẹ̀. Mi ò ní fi ìyẹn dù ú, ó wò ó, ó sì dúró kí ó sọ̀rọ̀. Makereta ò sọ nǹkan kan. Mo fi ọwọ́ fà á láṣọ, mo wọ́ ọ wọ ilé ìdáná.

"Sọ̀rọ̀! Ṣé kí n lọ gbé e wá? Wọ́n á rí ṣúgà, wọ́n á rí ìrẹsì, wọ́n á gbé eyín wọn padà!"

"Tí mo bá gbé e jáde, kí ni màá sọ fún Losalini?"

"Sọ pé o parọ́ fún un!"

"Ìyá Naresh, gbágùúdá wọn ni mò ń jẹ. Látijọ́ yìí, gbágùúdá wọn ni mò ń jẹ. Wọn ò ní wò mí lójú mọ́ láéláé. Wọ́n á ní mo jókòó lórí oúnjẹ, mo ń wo ọmọ ọwọ́."

"Kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀! Ọmọ rẹ lò ń wò yìí tàbí ojú wọn?"

Ó pa ojú dé. Ó la ẹnu, mo rò pé yóò pè wọ́n. Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ àtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ tó wúwo tí kò yára, èyí tí wọ́n máa ń pa tí ọ̀rọ̀ bá ti parí. Apenisa ti gbà á.

Nígbà tí a jáde, Ulamila dìde, ó gbá ìyàwó àbúrò rẹ̀ mọ́ra. "Má sunkún, ìyàwó wa. O gbìyànjú. Kò sẹ́ni tí kò rí i pé o gbìyànjú."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi," ni Makereta wí.

Mo tẹ̀ lé wọn dé èbúté Lautoka. Mo ti ní kí ó kéré tán gbé àpò ṣúgà kan fún ọmọ náà, ó ní wọ́n á béèrè ibi tí òun ti rí i. Mo bú u nínú bọ́ọ̀sì, mo bú u ní èdè mi àti ní èdè wọn. Titilia kò sunkún rárá. Ó wọ aṣọ ilé ìwé, ó gbé ẹní kékeré tí ìyá rẹ̀ hun fún un sábẹ́ apá. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó fa orí ìyá rẹ̀ wálẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó sọ.

"Màámi, tí mi ò bá sí ńbẹ̀, gbágùúdá yín á pọ̀ sí i, àbí?"

Makereta ń tún kọ́là aṣọ ọmọ náà ṣe, kọ́là tí kò ṣe nǹkan kan, títí wọ́n fi pè wọ́n wọ ọkọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, kò hun ẹní mọ́. Mo ní kí ó wá kó ẹrù rẹ̀, ó ní kí n fi í sílẹ̀ ná. Kòkòrò wọ ìrẹsì. Ṣúgà gba omi afẹ́fẹ́, ó dì, ó le bí òkúta. Òun àti ọkọ rẹ̀ ṣì ń mu tíì ewé, nítorí kò mọ bí òun ṣe máa ṣàlàyé tíì míì fún un. Wọ́n ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ máa ṣí. Mo sọ fún un, ó ní ó dáa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti òun àti Apenisa àti Semi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, à ń mu tíì ewé, ni ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú omi Yasawa gbé ẹrù dé. Gbágùúdá ni, àti ẹja yíyan. Lẹ́yìn náà, ó fa ìgò jáàmù kan yọ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ wé ní ẹnu. Ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, ó kún dé ọrùn.

"Titilia ní ọwọ́ yín gan-an ni kí n fi lé," ló sọ fún Makereta. "Wọ́n ní láti ìgbà tó ti dé, kì í da ìpín ṣúgà ẹ̀ sí tíì, inú ìgò yẹn ló ń dà á sí. Ó ní èyí tí ò ní ṣúgà ti mọ́ òun lára. Ó ní kí ẹ máa mu tiyín."

Makereta gba ìgò náà. Semi ti na ife rẹ̀ síwájú.

"Ìyàwó wa, ṣúgà rèé! Ó tó ìgbà wo! Kerekere, da díẹ̀ sí i fún mi."

"Rárá," ni Makereta wí.

Apenisa gbójú sókè. Èmi náà gbójú sókè.

"O ní kí ni?"

"Mo ní rárá, Bọ̀dá Semi. Mi ò fún yín."

Mo dúró de ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Semi wò ó, ó wo ìgò, ó wá yún orí. "Ó dáa, kò burú," ló wí. Ó mu tíì rẹ̀ bó ṣe wà, ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá wọ́n á lọ dẹ àwọ̀n lọ́la, ó gbé bàtà rẹ̀, ó ń súfèé lọ sílé. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Makereta ń wò ó lọ títí ó fi wọlé. Ó di ìgò náà mú sí àyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ìyá Naresh," ló wí, "ṣé bó ṣe rọrùn tó náà nìyí?"

Mo ti ń bá obìnrin yìí jà látijọ́, ẹnu mi kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo dìde, mo wọ ilé lọ, mo gbé ìgbálẹ̀, mo sì lọ gbá èèrà kúrò nídìí ẹrù rẹ̀.